Àpò Ẹ̀wà, Sùúrù àti Ojú Ẹkùn: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín lórí Fọ́tò Ẹranko ní Maasai Mara

Láti ìgbà tí ìwé ìròyìn yìí ti gbé fọ́tò ẹkùn tí mo yà ní Maasai Mara, ọgbà ẹranko ìgbẹ́ ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, jáde, lẹ́tà kò dá mọ́. Inú mi dùn sí i gan-an. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ya fọ́tò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Ìbàdàn kí n tó kọjú kámẹ́rà sí kìnnìún fún ìgbà àkọ́kọ́, ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. Mo ti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìyẹn. Mo mú lẹ́tà méje nínú èyí tí ẹ kọ, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ ǹlẹ́ o, Àǹtí. Olùkọ́ ni mí, mo sì máa ń ya fọ́tò òde ní òpin ọ̀sẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi ti dá èsúsú ọdún mẹ́ta kí a lè lọ sí Maasai Mara ní oṣù kẹjọ. Lẹ́ǹsì 70-200 nìkan ni mo ní. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n lọ ra 600, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ju owó ọkọ̀ òfurufú àwa méjèèjì lọ. Kí ni kí n ṣe? — Olùkọ́, Òṣogbo

Ọ̀gá wa, ẹ kú ìfaradà èsúsú. Ẹ má ra 600 o. Nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì ló ń sọ bó ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tó jìnnà á ṣe tóbi tó.

Àwọn kìnnìún Mara ti mọ mọ́tò láti ìgbà tí wọ́n ti ń mu ọmú. Wọ́n lè gba ẹ̀gbẹ́ táyà yín kọjá débi pé ẹ ó máa gbọ́ èémí wọn. Lẹ́ǹsì tí ẹ ní yẹn tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ í ṣe. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà APS-C lẹ ń lò, irú èyí tí awo tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kéré díẹ̀, 200 yín á tilẹ̀ máa fa nǹkan súnmọ́ bíi 300. Ẹyẹ ló máa ni í lára, àti ẹkùn tó bá wà lókè igi. Fún ìwọ̀nyẹn, ẹ yá lẹ́ǹsì 100-400 tàbí 150-600 fún iye ọjọ́ tí ẹ máa lò. Àwọn tó ń yáni ní lẹ́ǹsì wà ní Èkó, wọ́n sì wà ní Nairobi. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á sọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, kí ẹ fi ya ewúrẹ́ àdúgbò títí ọwọ́ yín á fi mọ bọ́tìnì rẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo rí ọkùnrin kan tó gba lẹ́ǹsì tuntun láàárọ̀ ọjọ́ tí a wọ Mara. Ibi tó ti ń wá bọ́tìnì ni kìnnìún mẹ́ta ti ré odò kékeré kan kọjá níwájú rẹ̀, kò sì rí ẹyọ kan yà.

Owó lẹ́ǹsì yẹn, ẹ fi ra ọjọ́, ẹ sì fi gba mọ́tò tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ máa wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2024, owó ìwọlé fún àgbàlagbà àlejò jẹ́ 100 dọ́là lójúmọ́ láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà, ó sì di 200 dọ́là láti oṣù keje títí ọdún á fi parí. Wildebeest, ẹranko kan tó jọ màlúù, tó ń dà wọlé láti Serengeti ní Tànsáníà ló mú un wọ́n tó bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ayé ló fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń la odò Mara kọjá. Kìnnìún, ẹkùn àti cheetah kì í bá wọn lọ ní tiwọn, ibẹ̀ ni wọ́n wà yípo ọdún. Mo mọ̀ pé ìsinmi ilé-ìwé ló so yín mọ́ oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè lọ ní oṣù kejì yóò san ìdajì, ẹyẹ tó wá láti Yúróòpù yóò sì tún pọ̀ fún un láti wò.

Ohun kan wà tí kò wọ́n tí n kò lè fi ṣeré: àpò ẹ̀wà. Télọ̀ ló rán tèmi, ankara lílọ́po méjì, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, ó ní sípù lẹ́nu. Òfìfo ni mo máa ń gbé e lọ. Tí a bá dé Narok, ìlú tí ọ̀nà Nairobi sí Mara gbà kọjá, awakọ̀ á dúró ní ọjà, màá ra kílò mẹ́ta ẹ̀wà, èyí tí wọ́n ń pè ní maharagwe, màá sì dà á sínú àpò náà títí yóò fi kún dé ìdajì ó lé díẹ̀. Kò gbọdọ̀ kún bámú. Ẹ gbé e lé ojú fèrèsé mọ́tò, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láàárín kó ní kòtò, lẹ́ǹsì á wá sùn síbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Kò ní gbọ̀n, apá kò sì ní ro yín. Ọjọ́ tí mo bá ń bọ̀ nílé, ilé ìdáná àgọ́ ni mò ń kó ẹ̀wà náà fún.

Ẹ mú súwẹ́tà dání, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju 1,500 mítà lọ, òtútù òwúrọ̀ rẹ̀ sì ju ti ọyẹ́ Ṣàkì lọ. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ má fi ọ̀rá ọjà bo kámẹ́rà nítorí eruku bí a ti máa ń ṣe nílé, torí Kẹ́ńyà ti fòfin de ọ̀rá láti oṣù kẹjọ ọdún 2017. Àpò ìrọ̀rí àtijọ́ tàbí gèlè á ṣe é. Bó bá jẹ́ bàálù kékeré láti pápákọ̀ Wilson lẹ fẹ́ wọ̀, kílò 15 ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kan, nínú báàgì tó rọ̀.

Mo lọ sí Mara ní ọdún tó kọjá fún ọjọ́ mẹ́rin. Awakọ̀ wa ṣe gudugudu méje: ó ń gbọ́ rédíò tí àwọn awakọ̀ fi ń sọ ibi tí ẹranko wà fún ara wọn, ó ń sáré, láàárọ̀ ọjọ́ kan a dé ibi mọ́kànlá. Mo kó fọ́tò ẹgbẹ̀rún mẹ́ta bọ̀. Kìnnìún tó ń sùn ni ọ̀pọ̀ jù lọ, ikùn àti ẹ̀yìn orí. Ọmọ mi bi mí bóyá wọ́n ti kú ni. Níbo ni mo ti ṣì í? — Ìyá ọlọ́mọ, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi mọ́kànlá yẹn gan-an ni.

Kìnnìún lè fi ogún wákàtí sùn nínú mẹ́rìnlélógún. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wò ó, oorun rẹ̀ nìkan ló máa bá pàdé. Ẹ wà lẹ́nu géètì ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ tí wọ́n bá ń ṣí i. Ẹ mọ bí oòrùn tiwa níbí ṣe ń yára gòkè. Ti ibẹ̀ yára jù ú lọ, torí ìlà tó pín ayé sí méjì kò jìnnà. Títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fi ń dára bí oyin. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn kìnnìún á wọ abẹ́ ìboji, ooru á sì máa gbọ̀n lórí koríko, débi pé lẹ́ǹsì olówó ńlá pàápàá kò ní mú nǹkan tó bá jìnnà dáadáa.

Ẹ kọ́ àmì ìjí wọn. Kìnnìún tó fẹ́ dìde máa yán. Tó bá yán lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé kámẹ́rà. Tó bá yán lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má wo fóònù. Yíyán yẹn fúnra rẹ̀, tí eyín àti ahọ́n bá yọ síta, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí nínú fọ́tò tí wọ́n ń rò pé ó ń bú ramúramù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi orí nu ara wọn bí ìdílé tó jí láàárọ̀ tó ń kíra, àwọn ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìrù ìyá wọn.

Ẹ tún jókòó. Gbogbo ènìyàn ló máa ń dìde dúró níbi òrùlé mọ́tò tó ṣí, wọ́n á wá máa ya ẹranko láti òkè, kìnnìún á dà bí ajá tó sùn sí fàránńdà. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ gba ojú fèrèsé yà á, kí ojú yín àti ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́gbọọgba. Ojú tó súnmọ́ yín jù ni kí kámẹ́rà dì mú. Bí kò bá gbójú sókè, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò ẹkùn tó mú kí ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i. Ọdún 2022 ni, lẹ́bàá odò Talek. Aago méje ó lé díẹ̀, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ti yí igi kan ká. Igi pàǹdòrò ni, pàǹdòrò tí àwa náà mọ̀ nílé, tí èso rẹ̀ ń so rọ̀ bí ọmọ odó. Ẹkùn náà wà láàárín èso wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ nìkan ni a rí, tí orí ìrù funfun náà ń ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ẹni ń ka ìlù. Àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, rédíò ń pè wọ́n sí ibòmíràn. Mo sọ fún awakọ̀ wa pé kó pa ẹ́ńjìnnì. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó pa á. A jẹ ẹyin sísè wa níbẹ̀. Ìyẹ́ kan bọ́ láti ara ẹyẹ kan, ó balẹ̀ sórí àpò ẹ̀wà mi. Agogo mẹ́wàá kọjá, mọ́kànlá kọjá. Nígbà tó di méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ìkùukùu bo oòrùn, ìrù náà dúró. Ó dìde, ó na ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ títí èékánná fi yọ, ó sì doríkodò sọ̀kalẹ̀ lára igi náà. Ní ìdajì ọ̀nà ló wò wá. Ojú rẹ̀ dà bí omi tó ní ewé nísàlẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, koríko ti gbé e mì.

Ohun tí mo fi rí i yà ni pé kámẹ́rà mi ti wà ní sẹpẹ́. Ní 2018, irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ya fọ́tò níbi iná àgọ́ lálẹ́, mo fi shutter, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣíjú, sí 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, mo gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ẹkùn kọjá níwájú mi láàárọ̀, ó sì rú pátápátá nínú gbogbo fọ́tò náà. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, kí n tó sùn ni mo ti ń gbé shutter sí 1/1000, tí mo ń jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mú ìmọ́lẹ̀ sí, máa yan ara rẹ̀, tí mo sì ń fi bátìrì tó kún sínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹkùn, àmọ̀tẹ́kùn, ògìdán, èwo ni èwo? Èwo sì ni cheetah nínú wọn? — Bàbá àgbà, Ìkirè

Ẹ kú àgbà, sà. Ẹranko kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ẹkùn àti àmọ̀tẹ́kùn, òun náà là ń kì ní ògìdán, olólà ijù. Àmì ara rẹ̀ dà bí òdòdó tí àárín rẹ̀ ṣófo. Orúkọ àmọ̀tẹ́kùn ni àwọn ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Cheetah yàtọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àmì tirẹ̀ jẹ́ tótòtó dúdú tó kún, ìlà dúdú méjì sì wá láti ojú rẹ̀ dé ẹnu bí ẹkún tó gbẹ. Pápá gbalasa ni tirẹ̀, kì í ṣe igbó kìjikìji, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa kò fi bá a pàdé kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó súnmọ́ wa jù lọ wà ní òkè lọ́hùn-ún ní orílẹ̀-èdè Benin, ní agbègbè àwọn ọgbà ẹranko tí wọ́n ń pè ní Pendjari àti W. Duma ni àwọn awakọ̀ Kẹ́ńyà ń pè é, chui ni ẹkùn, simba ni kìnnìún. Orúkọ mẹ́ta yìí ni kí ẹ mọ̀ kí ẹ lè lóye ohun tí rédíò ń sọ.

Ẹyẹ ni wàhálà mi. Tó bá ń fò, ó máa rú. Tó bá dúró, tó sì jẹ́ lékeléke, funfun rẹ̀ á kàn jó, kò ní sí ìyẹ́ kan tó hàn. — Aláró, Abẹ́òkúta

Àwa tí a ń sọ pé lékeléke ló lẹfun, ó yẹ kí ẹfun rẹ̀ hàn nínú fọ́tò wa. Kámẹ́rà ń wo koríko àti ẹfọ̀n dúdú tó yí i ká, ó ń rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó wá ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Ẹ wá bọ́tìnì tí a kọ + àti − sí lára, ẹ fà á sí −1. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ á hàn ní fọ́nrán fọ́nrán. Tó bá jẹ́ àwòdì tàbí idì lójú ọ̀run funfun, òdì kejì ni: ẹ fà á sí +1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjìji lẹ máa gbé délé.

Fún fífò, ẹ gbé shutter dé 1/2000, ó kéré tán; fún ẹyẹ kékeré, 1/3200. Ẹ má bẹ̀rù ISO tó ga, bó tilẹ̀ ń mú kí fọ́tò dà bí ẹni pé a wọ́n iyanrìn sí i. Fọ́tò tó ní iyanrìn díẹ̀ sàn ju èyí tó rú lọ. Ẹ gbé ẹyẹ náà mọ́ ojú kámẹ́rà láti òkèèrè, kí ẹ máa bá a yí bọ̀ láti ìbàdí, kì í ṣe láti ọwọ́, ẹ má sì dúró yíyí lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwà ẹyẹ ló ju gbogbo èyí lọ. Ẹyẹ kan wà ní Mara tí ẹ̀yin ará Ìtòkú gbọ́dọ̀ rí, lilac-breasted roller. Àyà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ òdòdó àlùkò tó ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá la apá, aró ni! Aró oríṣi mẹ́ta lórí apá kan ṣoṣo, èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, èyí tí a rẹ lẹ́ẹ̀mejì, àti èyí tó ti dúdú tán létí. Bó bá jókòó, ẹ ò ní rí ìdajì rẹ̀. Ẹ̀ka gbígbẹ tó dá dúró ló máa ń bà lé, yóò máa wo ilẹ̀, yóò já lu tata, yóò sì tún padà sórí ẹ̀ka kan náà. Nítorí náà, ẹ má lé e. Ẹ dojú kọ ẹ̀ka náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú ẹyẹ nínú fọ́tò, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Tó bá tẹ̀ síwájú, tó gbé ìrù díẹ̀, tó yàgbẹ́, ó ti fẹ́ fò nìyẹn. Àti pé ẹyẹ máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó gbéra. Bí ẹ bá ní kí awakọ̀ gbé mọ́tò síbi tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn yín, ọ̀dọ̀ yín ló máa fò sí. Mo fi òwúrọ̀ odindi kan ṣe èyí nídìí ẹ̀ka kan ṣoṣo, mo sì rí fọ́tò méjì péré tí mo fẹ́ràn. Méjèèjì wà lára ògiri pálọ̀ mi.

Ẹ má fojú fo àkàlàmàgbò. Tiwọn pupa lójú àti lọ́rùn, ó jọ èyí tó wà lápá òkè ọ̀hún lọ́dọ̀ wa. Wọ́n máa ń rìn ní ẹbí, mẹ́rin, márùn-ún, lórí koríko. Ìdájí ni wọ́n ń ké, ohùn wọn sì dà bí ẹni ń lu gbẹ̀du láti òkèèrè. Àwọn wọ̀nyí kì í kánjú. 70-200 tó wọn.

Awakọ̀ kan ní kí n fún òun ní dọ́là ogún kí òun fi kúrò lójú ọ̀nà, ká lè súnmọ́ cheetah tó ní ọmọ. Mo fún un. Fọ́tò náà dára, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. — Houston, Amẹ́ríkà

Mo dúpẹ́ pé ọkàn yín kò balẹ̀. Ẹ má ṣe é mọ́.

Ọ̀sán ni cheetah ń ṣọdẹ jù, ojú ló sì fi ń ṣọdẹ. Ó máa ń gun orí ògán láti wo pápá. Tí mọ́tò ogún bá yí i ká, kò ní rí nǹkan kan, ẹran tó fẹ́ pa á sì ti sá. Àwọn ọmọ tí irun ẹ̀yìn wọn ṣì funfun bí òwú, ìyá nìkan ló ń bọ́ wọn. Ìwádìí kan lórí cheetah Mara jáde ní ọdún 2018. Níbi tí àlejò kò ti pọ̀, ìyá kọ̀ọ̀kan ń tọ́ ọmọ tó lé díẹ̀ ní méjì dàgbà. Níbi tí mọ́tò pọ̀ sí, ìyá mẹ́wàá ló ń tọ́ ọmọ méjì péré. Ìyá mẹ́wàá! Nígbà tí mo kà á, mo padà lọ wo àwọn fọ́tò mi ti 2018, mo ń ka mọ́tò tó wà lẹ́yìn cheetah kọ̀ọ̀kan.

Òfin ibẹ̀ ni pé mọ́tò márùn-ún péré ló gbọdọ̀ wà nídìí ẹranko kan lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ nínú ọgbà ìjọba. Ní àwọn ilẹ̀ tí àwọn Maasai fúnra wọn yà sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyè wà láti kúrò lójú ọ̀nà níwọ̀nba, mọ́tò kò sì pọ̀. Ẹ fún awakọ̀ lówó, ó tọ́ sí i, àwọn náà ní ọmọ nílé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kìíní pé tó bá dúró pẹ̀lú yín, tó sì pa ẹ́ńjìnnì, ẹ̀bùn rẹ̀ á pọ̀ ju ti ẹni tó ń sáré lọ. Mo ti rí i pé èyí ń ṣiṣẹ́. Inú awakọ̀ pàápàá máa ń dùn láti sinmi.

Kí ló dé tí ẹ fi fọ́tò igún sáàárín ẹkùn àti kìnnìún? Ẹyẹ burúkú, ẹyẹ òkú. — Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ má bínú, mo máa ta kò yín níbí. Àwọn baba wa kò pè é ní ẹyẹ burúkú. Wọ́n ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igún máa ń tò sórí páànù ilé ìpẹran ní àdúgbò wa bí àwọn àgbà tó wá sípàdé. Ẹ lọ wo orí páànù wọ̀nyẹn lónìí. Ẹ ò ní rí igún níbẹ̀ mọ́. Orí igún ló wà lórí àtẹ lọ́jà, wọ́n ń tà á fún oògùn. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ka igún tiwa yìí, àti irú méjì tó pọ̀ jù ní Mara, mọ́ àwọn ẹyẹ tó súnmọ́ àparun pátápátá. Lọ́hùn-ún, májèlé ló ń pa wọ́n. Kìnnìún á pa màlúù, ẹni tó ni màlúù á fi májèlé sínú òkú náà nítorí kìnnìún, igún àádọ́ta lè kú nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn kìnnìún, kò lè ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lára ti igún.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ní ọdún 1973, ọkọ̀ òfurufú kan kọlu igún kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Rüppell, lókè Abidjan, ní gíga tó lé ní 11,000 mítà. Kò tíì sí ẹyẹ mìíràn tí a gbọ́ pé ó fò dé ibẹ̀.

Tí ẹ bá dé Mara, ẹ dúró nídìí òkú ẹran lẹ́yìn tí kìnnìún bá ti lọ. Igún máa ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, ẹsẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, apá á gbòòrò ju ilẹ̀kùn lọ, afẹ́fẹ́ á máa han gooro nínú ìyẹ́ wọn. Ibì kan náà ni wọ́n ń gbà balẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Ẹni tí kò ya ẹyẹ tó ń fò rí lè kọ́ ọ níbẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Mà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. N kò lówó Kẹ́ńyà, kámẹ́rà àlòkù tí bùọ̀dá mi fún mi ni mo ní, lẹ́ǹsì 55-250. Ṣé kí n dúró di ìgbà tí mo bá lówó ni? — Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò mi, má dúró. Òní ni kí o bẹ̀rẹ̀.

Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní àdúgbò rẹ, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwòdì máa wà lókè níbẹ̀, wọ́n á máa já ẹran gbà. Àwòdì ni olùkọ́ mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ya wọ́n lẹ́yìn ilé ìpẹran kí n tó lọ sí Mara, ẹni tó bá sì ti lè di àwòdì mú nínú kámẹ́rà, idì kò ní ṣòro fún un. Tẹ̀lé àwọn màlúù ní ìrọ̀lẹ́, kí o ya lékeléke pẹ̀lú −1 tí mo sọ lókè yẹn.

Tí owó ọkọ̀ Ìbàdàn bá jáde, béèrè bí àlejò ṣe lè wọ igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà níbẹ̀. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ibadan malimbe, ìbátan ẹ̀gà ni, dúdú ni ara rẹ̀, pupa ni orí akọ rẹ̀. Kò sí níbòmíràn láyé àyàfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí. Àwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọkọ̀ wá nítorí rẹ̀, ìwọ sì wà nítòsí rẹ̀. Èmi pàápàá kò tíì rí i yà dáadáa. Lókè igi ló máa ń wà, ewé sì máa ń bò ó.

Ti kìnnìún àti ẹkùn ńkọ́? Ṣé ológbò wà nílé yín? Dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ojú rẹ àti tirẹ̀ bára dọ́gba. Dúró kó yán. Dúró kó na ara. Di ojú tó súnmọ́ ọ mú, má tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi wò ọ́. Tí o bá rí èyí tí fèrèsé yàrá yín hàn kedere nínú ojú rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dọ̀ olóòtú, mo fẹ́ rí i.